Ohùn Tó Ń Sáré Létí Mọ́mì

Yàrá kan wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò jìnnà sí Kuto, níbi tí àwọn àgbàlagbà tí ojú wọn ti lọ ti máa ń wá kàwé. Ìjókòó mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Bọ́tìnì mélòó kan àti íápíìsì kan wà níwájú ìjókòó kọ̀ọ̀kan, okùn gbogbo wọn sì lọ sínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà ní igun yàrá. Ẹni tó bá jókòó á yan ìwé ìròyìn tàbí ìwé ìtàn, kọ̀ǹpútà á sì máa kà á sí i létí ní Yorùbá.

Èmi ni mo kọ kóòdù tó ń gbé ohùn náà jáde. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe láti ilé, fún àwọn ilé iṣẹ́ tí mi ò fojú rí rí, ṣùgbọ́n èyí, mo ṣe é nítorí ara mi ni. Ó ti sú mi kí ẹ̀rọ máa pe èdè wa bí ìgbà tí àlejò bá ń ka orúkọ ọmọ níbi ìkómọ. Láíbùrárì là ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn kóòdù tí èèyàn kọ sílẹ̀ kí ẹlòmíì lè mú un lò nínú iṣẹ́ tirẹ̀ láì tún un kọ. Ẹni tó kọ́kọ́ mú tèmi lò ni ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Òun ló wá kọ̀ǹpútà sí yàrá ìkàwé náà, òun ló so okùn, òun ló sì kọ apá tó ń gbọ́ ohun tí bọ́tìnì bá wí. Èmi ni mo ni ohùn, òun ló ni yàrá.

Ohùn náà ní ètò tó ń tẹ̀ lé, ètò yìí sì wà nínú fáìlì kan. Ibẹ̀ la kọ ọ́ sí bí ohùn á ṣe yára tó, bí á ṣe lọ sókè tó, àti ibi tí á ti dúró mí. Ibẹ̀ náà ni àkójọ gígùn kan wà tó ń sọ bí a ṣe ń pe orúkọ èèyàn àti orúkọ ìlú, torí pé ìwé ìròyìn kì í sábà fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Àkójọ orúkọ yẹn tóbi gan-an. Nígbà tí mò ń kọ láíbùrárì náà, ohun kan wà tí mo ní láti pinnu. Bí ẹnì kan bá gbé ètò lé e lọ́wọ́, ṣé kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kó tọ́jú ẹ̀dà náà bíi tirẹ̀, àbí kó kàn yá ti onítọ̀hún lò, kó máa wojú fáìlì kan náà títí tó fi máa kàwé tán? Mo ní kó yá a lò. Kọ̀ǹpútà inú yàrá yẹn ti gbó, àyè inú rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Mi ò fẹ́ kó máa di ẹrù kan náà lẹ́ẹ̀mẹta fún èèyàn mẹ́ta. Inú mi dùn sí ìpinnu yìí. Mo tiẹ̀ fi yangàn fún ọ̀rẹ́ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń lọ bá wọn jókòó láàárọ̀. Ẹni méjì ni kì í pa ọjọ́ jẹ. Ọ̀kan ni bàbá kan tó ti jẹ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Tíṣà. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa ló máa ń wọ̀, kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni di òun lọ́wọ́ mú dé ìjókòó. Ẹnì kejì ni ìyá kan tó ti fi ọdún púpọ̀ tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Àìsàn ojú tí kì í dunni, tó kàn ń jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín, ló gba ojú rẹ̀. Ìtòkú ló ti ń wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá. Mọ́mì ni mò ń pè é. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá jókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ á nà gbọnrangandan, bíi ti ẹni tí ọ̀gá ń bọ̀ wá bá.

Bàbá Tíṣà ni kò fi ohùn náà lọ́rùn sílẹ̀.

“Ẹnjiníà,” ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan, “ohùn rẹ yìí ń fà. Kó tó pe ọ̀rọ̀ kan tán, mo ti mọ èyí tó kàn.”

“Ẹ ṣe sùúrù, sà. A óò wá nǹkan ṣe sí i.”

“Sùúrù kẹ̀? Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí. Ìwé tó kù tí mi ò tíì kà pọ̀.”

Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti fi bọ́tìnì méjì kún ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń mú ohùn yára, èkejì ń mú un falẹ̀. Ó jókòó sí ìjókòó kan, ó dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Bàbá Tíṣà náà tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́, ó sì rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì. Ó ní lọ́jọ́ yẹn ni ìwé ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá òun rìn.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni mo rí i tí Mọ́mì yọ íápíìsì létí. Ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó tún fi sétí. Kò pẹ́, ó tún yọ ọ́.

“Mọ́mì, ṣé kò sí nǹkan?”

“Kò sí nǹkan, ọmọ mi. Ó kàn rẹ̀ mí díẹ̀ ni.”

Ó lọ sílé ṣáájú àkókò. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó tún wá, ṣùgbọ́n kò lò tó wákàtí kan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ka ìwé dáadáa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo sì rò pé ara rẹ̀ ti yá. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó yọ íápíìsì lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ká a dáadáa sórí tábìlì, ó sì dágbére fún wa. Láti ọjọ́ náà, a ò rí i mọ́. Mo pe ilé rẹ̀. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló gbé fóònù. Ó ní Mọ́mì ní kí àwọn máa kí wa, pé òun á wá tí ara òun bá le.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí n lọ wò ó. Ọ̀nà tóóró ló já sí ilé wọn, láàárín àwọn tó ń ta àdìrẹ, ọ̀kadà sì ń fun fèrè lẹ́yìn mi ní gbogbo ìgbà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti bá a. Mi ò tíì kí i tó fi sọ̀rọ̀.

“Ẹnjiníà ni yẹn. Bàtà rẹ ló máa ń dún bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ kú ilé o, mà.” Mo kúnlẹ̀. “Mọ́mì, a ò rí yín mọ́. Ṣé a ṣẹ̀ yín ni?”

“Ta ló ṣẹ̀ mí? Dìde, wá jókòó.” Ó ní kí wọ́n bu omi fún mi. Ó dúró kí ẹni tó bu omi náà wá wọlé padà, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Etí mi ló ń lọ.”

“Ohùn yẹn á bẹ̀rẹ̀ dáadáa,” ó ní. “Tó bá ṣe díẹ̀, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gun ara wọn, mi ò sì ní lè mú ìkankan nínú wọn mọ́. Bí ojú mi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó máa ń dára lónìí, kó burú lọ́la. Mi ò tíì sọ fún àwọn ọmọ. Ẹkún tí wọ́n sun lórí ojú tó.”

“Mọ́mì, ṣebí ẹ gbọ́ ìró bàtà mi?”

“Mo gbọ́ ọ.”

“Rédíò ńkọ́?”

“Rédíò ò yọ mí lẹ́nu. Ohùn inú íápíìsì yẹn nìkan ni. Mo ní bóyá bí etí ṣe ń lọ nìyẹn, bóyá ohùn ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ máa ń sá fún un.”

“Ṣé gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá wá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?”

Ó ronú sí i. “Rárá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan wà tí mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọjọ́ tí Tíṣà lọ síbi ìsìnkú, tí kò wá.”

Bó ṣe sọ ọ̀rọ̀ yẹn ni ọkàn mi lọ sí bọ́tìnì ìyára. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ọjọ́ méjì péré, kó má tíì gbà pé etí ló ń lọ. Ó ní kò burú. Ohùn tó fi sọ ọ́ ni èèyàn fi ń dá ọmọdé tó fẹ́ gbé ẹrù wúwo lóhùn.

Láti ibẹ̀, yàrá ìkàwé ni mo gbà lọ. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ lọ́sàn-án yẹn. Mo fi íápíìsì ìjókòó Mọ́mì sí etí òsì, mo na ti Bàbá Tíṣà wá sí etí ọ̀tún. Mo yan ìwé kan fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan, mo sì tẹ bọ́tìnì ìyára níbi tí Bàbá Tíṣà máa ń jókòó sí. Ohùn méjèèjì sáré pọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n tún sáré sí i, débi pé èmi tí mo kọ ohùn náà ò mọ ohun tó ń wí mọ́.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi níbẹ̀.

“Bọ́tìnì ìyára yẹn,” mo ní, “orí ètò wo lo ń kọ ìyára tuntun sí?”

“Orí ètò tí mo gbé fún láíbùrárì rẹ. Ọ̀kan náà ni mo gbé fún ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣebí o máa ń ṣe ẹ̀dà tìrẹ?”

“Mi ò ṣe ẹ̀dà. Mo máa ń yá a lò ni.”

Ó béèrè pé, “Ibo lo kọ ìyẹn sí?”

Mo ṣí ojú ìwé àlàyé tí mo kọ fún ẹni tó bá fẹ́ lo láíbùrárì náà. Mo kà á látòkè délẹ̀. Mi ò kọ ọ́ síbì kankan. Èmi rò pé kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ètò nígbà tí ohùn ṣì ń lò ó. Òun rò pé ohun tó wà lọ́wọ́ òun, tòun ni, kò sí ohun tí òun ṣe sí i tó lè kan ẹlòmíì. Àwọn èdè kọ̀ǹpútà kan wà tí kì í gbà kí èèyàn kọ nǹkan sórí ohun tí ẹlòmíì ti yá, wọ́n á kọ̀ jálẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Èyí tí àwa fi kọ tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ fún wa láti sọ fún ara wa, a ò sì sọ.

Ọ̀rẹ́ mi ní àwa méjèèjì la jọ jẹ̀bi. Ó ṣeun, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tèmi pọ̀ jù. Ẹni tó bá yá nǹkan lò ló yẹ kó sọ pé òun yá a.

Lọ́jọ́ kejì, mo yí i padà. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ètò fún láíbùrárì mi, á ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi sì mú kí kọ̀ǹpútà máa tọ́jú ẹ̀dà oníkálùkù, kí èèyàn lè bá ìyára tó fi sílẹ̀ bó bá padà wá. Kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kó tó jí láàárọ̀, ẹrù tó ń gbé ti di mẹ́ta. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sójú ìwé àlàyé, mo sì padà sí Ìtòkú.

“Mọ́mì, etí yín ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni.”

Mo ṣàlàyé fún un, mi ò sọ̀rọ̀ kóòdù. Mo sọ fún un pé ohùn tirẹ̀ àti ti Bàbá Tíṣà ń wo ìwé ètò kan náà, pé bí Bàbá Tíṣà bá ti tẹ bọ́tìnì, tirẹ̀ náà á sáré. Ó ń fi ìka pa etí ìró rẹ̀ pọ̀, ó ń tú u.

“O mọ ohun tí mo ti ń ṣe?” ó wá ní. “Mo ti ń pe àwọn ọmọ-ọmọ mi jókòó tì mí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n máa bá mi sọ̀rọ̀, ohunkóhun tó bá wù wọ́n. Mo fẹ́ mọ ohùn wọn sórí kí etí náà tó lọ.”

Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ bí ọkùnrin, mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mo ṣe é. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gígùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ìyàwó ọmọ rẹ̀ sì sáré jáde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó wá. Bàbá Tíṣà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Bó ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ló dìde dúró.

“Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mò ń lé yín kiri láti ọjọ́ yìí, mi ò mọ̀.”

“Tíṣà, ẹ ò mọ̀, kò sí ìbínú.”

“Ṣùgbọ́n kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ̀rọ̀? Ẹ̀ bá ti pariwo mọ́ wa.”

“Mo rò pé ara mi ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀ ni,” Mọ́mì dáhùn, ó sì jókòó.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Lẹ́yìn oṣù kan, ọ̀rẹ́ mi gbọ́ bí ohùn mi ṣe ń pe Òṣíẹ̀lẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ìlú tó ń gbé ni, inú bí i. Ó wọ inú àkójọ orúkọ, ó tún un ṣe, ó sì kéde fún gbogbo ilé. Bàbá Tíṣà ní òun ò rí ìyàtọ̀ kankan. Mọ́mì ní tòun ṣì ń pè é bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tuntun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́sẹ̀ náà nìkan ló gbọ́ ọ bó ṣe yẹ. Ẹ̀dà oníkálùkù ti wà ní ìpamọ́, àṣìṣe àtijọ́ sì wà nínú wọn. Nígbà yẹn, àwọn tó ń wá ti di mẹ́jọ. Bí orúkọ kan bá ṣì, ọ̀rẹ́ mi á tún un ṣe níbi mẹ́jọ.

Mo ń ráhùn nípa rẹ̀ lójú Mọ́mì, mi ò retí ìdáhùn. Ó gbọ́ mi tán, ó ní:

“Lọ́fíìsì wa, ìwé àdírẹ́sì kan ló wà. Orí tábìlì ló ń gbé, wọ́n sì so okùn mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má gbé e lọ. Gbogbo wa là ń wò ó. Ọ̀gá àwọn tó ń tẹ̀wé nìkan ló lè kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àga, oníkálùkù ló ń gbé tirẹ̀ sókè tàbí sílẹ̀, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣe gùn tó. Kí ló dé tí ẹ kó àga àti ìwé àdírẹ́sì pọ̀ sójú kan?”

Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn, lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, mo yá gbogbo rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, mo da gbogbo rẹ̀ kọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo pín ètò sí méjì. Ìyára, ìdúró àti bí ohùn ṣe ga tó di ti oníkálùkù, ẹ̀dà tirẹ̀ ni. Àkójọ orúkọ wà lójú kan, gbogbo ìjókòó ń yá a lò, kò sì sí bọ́tìnì tó lè yí i padà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ pe orúkọ kan bó ṣe wù ú, ọ̀rọ̀ kan yẹn nìkan la óò kọ sínú ẹ̀dà tirẹ̀, ohùn á sì kọ́kọ́ wo ibẹ̀ kó tó lọ wo àkójọ. Bàbá Tíṣà ló kọ́kọ́ lò ó. Ó ní bàbá òun kì í pe orúkọ agboolé àwọn bí gbogbo ayé ṣe ń pè é, a sì ṣe é fún un. Kò kan ẹlòmíì. Kọ̀ǹpútà náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í tètè jí.

Ó wá ku ẹni tó máa jẹ́ ọ̀gá lórí àkójọ orúkọ. Ọ̀rẹ́ mi ní òun ò fẹ́, ọwọ́ òun ti kún. Mo wo Mọ́mì. A gbé kíbọ́ọ̀dù kan síwájú rẹ̀, a sì kọ́ ọ níbi tí àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ wà. Ó fi ìka wá àwọn lẹ́tà, ó jókòó dáadáa, ó sì tẹ orúkọ mẹ́wàá láìsí àṣìṣe kan kí n tó fa àga mi súnmọ́ tòsí. Ohùn náà ń ka ohun tó bá tẹ̀ padà sí i létí, ní ìwọ̀n ìyára tirẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, Bàbá Tíṣà ni alátakò rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, orí orúkọ abúlé kan ni wọ́n ti ń jà, abúlé àwọn àgbẹ̀ tí ìwé ìròyìn dárúkọ. Mọ́mì ní bó ṣe rí rè é, Bàbá Tíṣà ní rárá, pé òun ti kọ́ ọmọ tó wá láti ibẹ̀ rí. Níkẹyìn, ẹni tuntun wa ní ẹ̀gbọ́n òun ń dáko lẹ́bàá ibẹ̀. A pe ẹ̀gbọ́n náà lórí fóònù. Ó wà lóko, atẹ́gùn ń fẹ́ sí fóònù rẹ̀. Ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, a ní kò sí, orúkọ abúlé la fẹ́ gbọ́. Ó pè é. Kò rí bí Mọ́mì ṣe wí, kò sì rí bí Bàbá Tíṣà ṣe wí. Mọ́mì ní kó tún un pè, kó rọra, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń gbọ́ ọ.